Kòtò Yangí Létí Oko Wa: Ohun Tí Koríko Lè Ṣe, Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa yangí nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ. A ó sọ ọ́ bó ṣe yé wa. Bí Yorùbá bá há wa lọ́fun níbì kan, ẹ má bínú. Ilé ìwé Faransé ló tọ́ wa, ọ́fíìsì Faransé la sì ti fẹ̀yìntì.

Gbogbo wa la mọ àwọn kòtò yìí. Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí ọ̀nà tó ti Dassa wá sí Savalou, tó gba Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, yangí ni wọ́n fi tẹ́ ìdí rẹ̀. Yangí yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run, inú oko wa ni wọ́n ti wà á. Ọ̀nà dára, a ò ní purọ́. Kajú wa ń jáde, gàrí Savalou ń dé Cotonou, aláboyún ń tètè dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá rántí bí ọ̀nà yẹn ṣe ń rí nígbà òjò látijọ́ ò ní bú ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀nà lọ fún gbogbo ayé, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ fún ẹbí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọ̀nà ńlá yẹn ni ti àwọn ọ̀nà kéékèèké, ti ilé ìwé, ti ọjà. Ẹni tó bá ti nílò yangí á gbé katapílà dé, á wa ilẹ̀, á lọ. Nígbà òjò, omi á kún inú rẹ̀, ọmọdé á lọ wẹ̀ níbẹ̀, ọkàn ìyá ọmọ ò ní balẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á le bí sìmẹ́ǹtì.

A lọ wo ọ̀kan nínú wọn nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀. A ò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ ò tí ì parí láàrin ẹbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà á. Inú kòtò funfun láúláú, àfi koríko tín-ín-rín níbi tí omi ti máa ń dúró. Ṣùgbọ́n létí kòtò, òkìtì kan wà tó gùn lọ bí ebè ńlá, igbó sì bò ó: eruwà, àbàfẹ̀, ọmọ igi ìyá méjì tó ti ga ju ènìyàn lọ. Ọjọ́ kan náà ni katapílà wa kòtò, ọjọ́ kan náà ló da òkìtì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi hu igbó tí èkejì ò hu nǹkan?

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń já ewé àbàfẹ̀.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ọ̀ọ̀, ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ tún wá wa yangí ni?”

“Rárá o, Ìyá. Koríko la wá wò.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí. “Koríko? Ẹ wá wo koríko nínú kòtò! Inú ibẹ̀ yẹn ni ọkọ mi ti ń gbin iṣu. Iṣu tó ń jáde níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹnì kan kì í dá a gbé. Nísinsìnyí, etí rẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí ewé já. Inú rẹ̀ ò bí nǹkan kan.”

Ìyá ti dáhùn ìbéèrè wa kí a tó bi í. Òkìtì etí kòtò yẹn, ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ òkè pátápátá tí katapílà kọ́kọ́ họ kúrò kó tó dé orí yangí. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ti ìdọ̀tí. Kò sì sí ohun ìní kankan nínú oko yẹn tó níye lórí jù ú lọ. Ilẹ̀ dúdú ọ̀hún kì í jìn níhìn-ín, kò sábà ju ìwọ̀n ọwọ́ láti ìka dé ìgúnpá lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ wà. Ewé tó ti jẹrà wà níbẹ̀, ekòló wà níbẹ̀, irúgbìn koríko tó ti ń sùn láti ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀. Gbòǹgbò igi náà wà níbẹ̀. Àwa àgbẹ̀ mọ̀ pé bí a bá gé igi ìyá tàbí igi ẹmi lulẹ̀ láti gbin iṣu, á tún rú láti ìdí. Igbó wa kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú irúgbìn nìkan, gbòǹgbò ló ń jí dìde. Ìdí nìyí tí oko tí a fi sílẹ̀ fi ń tètè di igbó padà. Ṣùgbọ́n bí katapílà bá ti hú gbòǹgbò kúrò, igi gbọ́dọ̀ wá láti ìta. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e wá, tàbí ẹyẹ, tàbí àdán, tàbí màlúù. Bó bá sì dé, orí yangí líle ni yóò bá.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ tí ìwé ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú ilẹ̀, pé kò sí èédú ilẹ̀ ní Bantè. Òótọ́ ni. Ní agbègbè wa yìí, Enugu ní Nàìjíríà ni èédú ilẹ̀ ti lókìkí, ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó wa èédú ilẹ̀ ni ayé ti kọ́ púpọ̀ nípa bí igbó ṣe ń tún ilẹ̀ ṣe, ìyà tó jẹ wọ́n ló kọ́ wọn. Ilẹ̀ èédú burú ju tiwa lọ. Òkúta tó ní imí ọjọ́ nínú máa ń bá èédú jáde. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá kàn án, á di kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, gbòǹgbò ò sì ní lè mí níbẹ̀. Yangí wa kì í kan báyẹn. Ó le ni, ebi sì ń pa á. Ìyẹn ni oríire tiwa.

Ní ilẹ̀ Czech, ní agbègbè Sokolov, erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde kí wọ́n tó kan èédú pọ̀ tó òkè. Wọ́n gbin igi sí apá kan, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ fún ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jan Frouz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn igi tí irúgbìn wọn fúyẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ewé wọn ń já bọ́, ó kàn ń tò lé ara wọn lórí. Ó tó nǹkan bí ọdún 20 kí ekòló tó dé, ìgbà yẹn ni ewé àti erùpẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀, tí ilẹ̀ dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ gbọ́ o: ọdún 20, kí ilẹ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni àwọn èèyàn ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létí oko wa.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1977, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí i, pé ẹni tó bá wa èédú lójú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ilẹ̀ òkè kó sì dá a padà. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dá ilẹ̀ padà lóòótọ́, wọ́n wá fi katapílà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ, lọ, lọ, kó lè tẹ́jú kó sì dára lójú, wọ́n tún fọ́n koríko sí i ní kíkún. Igi ò ráyè. Àwọn onímọ̀ igbó ní àwọn òkè Appalachia ló wá ń bẹ̀ wọ́n, láti nǹkan bí ọdún 2004, pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní rírọ̀, kí wọ́n má fi koríko fún igi lọ́rùn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi yín yangàn pé òun ti tẹ́ kòtò yín pẹrẹsẹ, ẹ fi igi gún un wò kí ẹ tó dúpẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ò pọ̀. Koríko àti igi igbó lè tún ilẹ̀ yẹn ṣe láìgba fráǹkì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣe é bí ilẹ̀ dúdú ò bá padà síbẹ̀, wọn ò sì lè ṣe é bí iná bá ń jó wọn lọ́dọọdún. Ilẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ni. Iná, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ìjòyè ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iná. Ní Olókemejì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1929. Wọ́n pín ilẹ̀. Apá kan, wọ́n ń fi iná sí i lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrinkanrin. Apá kejì, wọ́n ń fi iná sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Apá kẹta, iná ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wò ó lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí wọ́n ti ń jó o ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá, igi ṣẹ́kù díẹ̀. Ibi tí iná ò dé ti di igbó dídí. Ibi tí iná ti ń tètè jó wà ní àárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà, Yorùbá bíi tiwa ló sì ń gbé àyíká rẹ̀. Iná nìkan ló yàtọ̀.

Nínú kòtò yangí, iná burú ju ti oko lọ. Ewé díẹ̀ tó já bọ́ lọ́dún kan, òun ni ilẹ̀ dúdú ọ̀la. Bí ọdẹ bá tiná bọ̀ ọ́ nítorí òkété kan, ó ti jó iṣẹ́ ọdún kan. Ìwé òfin igbó ti ọdún 1993 wà lórí iná igbó, a mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ti rí òṣìṣẹ́ igbó tó dúró ti kòtò ní oṣù kejì ọdún? Ẹ̀yin baálẹ̀ ni ẹ lè dúró tì í. Bí ẹ bá so màrìwò mọ́ etí kòtò kan pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná síbẹ̀, àwọn ọmọ wa á bọ̀wọ̀ fún un ju ìwé tí mẹ́ẹ̀rì lẹ̀ mọ́ ògiri lọ. Ẹ wo igbó orò tó wà lẹ́yìn abúlé yín. Ibi tí èèwọ̀ bá wà ni igi ńlá ṣẹ́kù sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹyẹ àti àdán yóò ti gbé irúgbìn jáde lọ sínú kòtò.

Ti màlúù ńkọ́? A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbóná, a ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ níhìn-ín. Màlúù ń jẹ èso àbàfẹ̀, ó ń ya ìgbẹ́, irúgbìn á hù nínú ìgbẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí àbàfẹ̀ fi máa ń ṣáájú igi yòókù dé ojú ilẹ̀ tó gbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èso rẹ̀ bá gbó, màlúù tó gba ibẹ̀ kọjá ń bá wa ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ohun tó hù ṣì kéré, pátákò rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì jẹ ọmọ igi. Ọ̀rọ̀ tí a lè bá àwọn Fúlàní sọ lábẹ́ igi nìyẹn láìgbé igi sókè.

A fẹ́ gbè fún àwọn koríko kan tí a máa ń bú. Ẹ̀kan, gbogbo wa la kórìíra rẹ̀ nínú oko, ó ń gún iṣu. Nínú kòtò, gbòǹgbò rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ ń dá ilẹ̀ dúró kí òjò má bàa gbá a lọ. Èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ewé Akíntọ́lá, àlejò ni, òkè òkun ló ti wá, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ń já púpọ̀, ó ń jẹrà kíákíá, ó sì ń borí ẹ̀kan. Ewu rẹ̀ ni pé bó bá gbẹ, iná rẹ̀ kì í ṣe eré. Yèrèpè náà wà, kì í ṣe ti igbó tó ń yún ara o, èyí tí ara rẹ̀ rọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ní apá Mono àti Couffo ti ń fi bo ilẹ̀ tó gbó, àwọn tó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn sì bá wọn ṣe é. Ó ń pa ẹ̀kan, ó ń fi oúnjẹ sínú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ dúdú bá ti padà sínú kòtò, a lè fi bẹ̀rẹ̀. Lórí yangí lásán, kò ní rí ibi dì mú. Olú tí àwọn ìyá wa ń ṣà lábẹ́ igi apá àti lábẹ́ bàbó nígbà òjò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ ilẹ̀ so mọ́ gbòǹgbò igi, òun ló ń bá igi wá oúnjẹ lọ sí ibi tí gbòǹgbò ò lè dé. Inú ilẹ̀ dúdú ni òwú yẹn náà ń gbé. (Orúkọ àwọn igi yìí yàtọ̀ láti Bantè dé Tchetti. Bí ẹ̀yin bá ń pe bàbó ní nǹkan mìíràn, ẹ dákun, ẹ sọ fún akọ̀wé.)

Kí la wá fẹ́ ṣe fún kòtò àtijọ́ tí ilẹ̀ dúdú rẹ̀ ti lọ pátápátá? Yacouba Sawadogo ti dáhùn fún wa. Àgbẹ̀ ni, ní Gourga ní Yatenga, ní Burkina Faso, òjò tiwọn ò tó tiwa rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le débi pé omi ń sáré lórí rẹ̀ bí orí páànù. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ló ti ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń pè ní zaï, ó wá mú un gbòòrò sí i, ó ń da ìgbẹ́ ẹran àti ewé sí i. Ikán rí oúnjẹ, wọ́n wá, wọ́n lu ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, omi rí ọ̀nà. Ó gbin ọkà bàbà sínú ihò. Irúgbìn igi tó wà nínú ìgbẹ́ ẹran bá ọkà hù, kò fà wọ́n tu. Àwọn èèyàn pè é ní wèrè, wọ́n tilẹ̀ fi iná sí oko rẹ̀. Igbó ló dà níkẹyìn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018. Ó kú ní ìparí ọdún 2023. A sọ èyí nítorí ikán, tí gbogbo wa ń pa. Nínú kòtò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ikán sílẹ̀.

Ohun tí a ń rí dípò èyí ni pé bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ ṣe ọjọ́ igi gbígbìn, wọ́n á gbé tíìkì tàbí eucalyptus wá, wọ́n á gbẹ́ ihò mẹ́wàá, wọ́n á ya fọ́tò. A ò bá igi gbígbìn jà. Tíìkì lórí ilẹ̀ tó dára, owó ni. Lórí yangí lásán, ẹ padà lọ wò ó nígbà ọyẹ́. Kajú náà, kì í ṣe ẹlẹ́nu yíyàn, ṣùgbọ́n kò lè fi gbòǹgbò fọ́ òkúta. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń sọ kòtò di ààtàn ìlú. Ọ̀rá rọ́bà ò ní jẹrà, omi kànga wa ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ti ìwé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990, abala 27, sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Òfin àyíká ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999 wà. Òfin ìwakùsà ti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2006 wà, ó sì ní ẹni tó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. A ti ṣiṣẹ́ ọba pẹ́ tó láti mọ̀ pé òfin tí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, kò sí lójú ẹni tó ń wa katapílà. Ìwé tí wọ́n ń gbé wá fún àwọn baba wa, owó ìtanràn igi kajú ló sábà wà nínú rẹ̀, àti ibi tí wọn yóò tẹ̀ka sí. Ilẹ̀ dúdú ò sí nínú rẹ̀. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n tó wa yangí, wọ́n á họ ilẹ̀ dúdú sọ́tọ̀, wọn ò ní pò ó mọ́ yangí, wọn ò sì ní tà á. Pé nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á fi irin katapílà ya ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n á sọ etí rẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọmọ tó bá já sí i lè gun òkè jáde, wọ́n á da ilẹ̀ dúdú padà, wọn ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Pé wọn ò ní gba owó wọn tán títí ẹbí àti baálẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀ wò ó. Katapílà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Bí katapílà bá ti lọ tán, ọwọ́ ẹbí kankan ò lè ká a mọ́.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí a bá béèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ wa yangí ní abúlé kejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n á ṣe, bí abúlé kejì bá gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi pe Bantè àti Savalou jọ sí ojú kan. Kí gbogbo baálẹ̀ láti Logozohè dé Pira béèrè ohun kan náà. Nígbà tí wọ́n bá sì wá bẹ̀ wá fún ìbò láti wọ ìgbìmọ̀ commune, kí a má bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́wàá. Kí a bi wọ́n pé, ìwé ìwa-yangí tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí, ilẹ̀ dúdú wa wà nínú rẹ̀ àbí kò sí?

Akọ̀wé wà lẹ́yìn tábìlì níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí kòtò bá wà nínú ilẹ̀ ẹbí rẹ̀, kó sọ orúkọ abúlé, ọdún tí wọ́n wà á bó bá rántí, àti bóyá òkìtì ilẹ̀ dúdú ṣì wà létí rẹ̀. Bó bá ṣì wà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ mọ ilé. Ẹni tí wọ́n ti gbé ìwé wá fún, kó mú un wá kí a jọ kà á kó tó tẹ̀ka. Ẹni tó ti tẹ̀ka náà, kó mú un wá.